Àlejò Tó Fi Ìdérí Ìgò Ṣe Aṣọ

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ fún ẹ̀ka Ọ̀yọ́ àti ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́

    

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ aṣọ lọ́dún yìí. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n lẹ́ẹ̀sì àti àǹkárá la máa sọ. Èyíinì ti tó wa sọ lójoojúmọ́ nídìí ìsọ̀. Ìtàn ọkùnrin kan la mú wá. Ará Gánà ni, ó wá gbé ní Nàìjíríà láti ọdún 1975, ó sì fi ìdérí ìgò ọtí ṣe aṣọ tí àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò. El Anatsui lorúkọ wọn. Bàbá àgbà ni wọ́n báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀wọ̀ wọn wọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ wa ló kọ́kọ́ fi àwòrán iṣẹ́ wọn hàn wá lórí fóònù, a rò pé aṣọ òkè ni. Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ wọn wá síbí wà nínú ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa. A máa dé ibẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ọdún 1944 ni wọ́n bí Bàbá Anatsui ní Anyako, ìlú kan létí ọ̀sà ní ìhà ìlà-oòrùn Gánà, níbi tí àwọn Ewe ń gbé. Àwọn Ewe yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa. Ìtàn tí àwọn àgbà wọn ń pa ni pé Kétu ni wọ́n ti ṣí, kí wọ́n tó gba Tado àti Notsé kọjá dé ibi tí wọ́n wà lónìí. Baba tó bí Bàbá Anatsui, apẹja ni, ó sì tún ń hun kente. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn náà ń hun ún. Ọmọ 32 ni baba náà bí, Bàbá Anatsui ló kéré jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìyá wọn kú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí wọn kan tó jẹ́ pásítọ̀ ni wọ́n ti dàgbà, nínú ọgbà míṣọ̀n. Báyìí ni òfì ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọn ò kọ́ ọ.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan kente rí, tó sì mọ aṣọ òkè, mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì, aṣọ tóóró ló ń hun, bí íǹṣì mẹ́rin ní ìbú. Ẹ lọ sí agboolé àwọn ahunṣọ ní Ọ̀yọ́ níbí, ẹ ó rí òwú tí wọ́n ta gbọọrọ sílẹ̀, tí òkúta tàbí igi wúwo kan ń fà á lé ní iwájú. Bí ọ̀kọ̀ ṣe ń lọ sápá ọ̀tún ló ń padà sápá òsì. Bí aṣọ náà bá gùn tó, wọn á gé e, wọn á rán an mọ́ ara wọn létí létí, á sì di ìró, á di agbádá. Ohun kékeré tí a so pọ̀ títí ó fi di ńlá, òun ni iṣẹ́ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kumasi ni Bàbá Anatsui ti kàwé iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì jáde ní 1969. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀, ti òyìnbó ló pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n di olùkọ́ ní Winneba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó jẹ́ tilé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti kọ́kọ́ kan àwa obìnrin ọjà. Ẹ mọ ohun tí wọ́n lọ mú? Àtẹ. Àtẹ onígi roboto tí àwọn obìnrin Gánà fi ń pàtẹ lọ́jà, irú èyí tí a máa ń to tòmátì àti ẹja gbígbẹ lé. Wọ́n fi irin gbígbóná kọ àmì adinkra sára rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri kí ènìyàn máa wò ó. Ohun tí a ń gbé lórí láàárọ̀ tí a sì ń sọ sábẹ́ ìsọ̀ lálẹ́, àwọn rí ojú kan lára rẹ̀ tí àwa ò rí.

Ní 1975, Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka gbà wọ́n síṣẹ́ olùkọ́. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ní kí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa wọlé tọ ara wọn. Wọn ò mọ̀ pé àwọn máa pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ mọ ìkòkò fífọ́, wọ́n fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé pákó, wọ́n sì fi iná jó o láti kọ ọnà sí i lára. Wọ́n lo ìdérí agolo mílíìkì. Wọ́n lo ògbólógbòó páànù tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, tó ti dípẹtà. Ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn ti lò rí ni wọ́n fẹ́ràn.

Kí a tó dé orí ìdérí ìgò, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ojú àlejò ń rí, nítorí inú rẹ̀ ni bàbá yìí gbé ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ máa sọ ọ́ fún wa. Ní ayé àwọn òbí wa, agboolé tí ẹnì kankan ò ti lọ sí Gánà ṣọ̀wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tamale, Yendi, Kumasi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dé. Aṣọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tà, àtibi tí wọ́n ti ń kiri lórí ni wọ́n ti dé inú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn ò tilẹ̀ mọ Ògbómọ̀ṣọ́ ju orúkọ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ènìyàn ò lè tú ìsọ̀ tó ti pa fún ogún ọdún ká lọ́sẹ̀ méjì. Wọ́n ta ọjà lọ́pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n di ẹrù sórí lọ́rí. Èyí tó dun àwọn oníṣòwò jù ni owó àwìn. Àwọn oníbàárà tó gba ọjà láwìn ò san, wọ́n mọ̀ pé olówó ń lọ.

Àwa náà gbẹ̀san, ká má parọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì onílà pupa àti búlúù tí wọ́n di ẹrù wọn sí, a ṣì ń tà á lọ́jà wa títí di òní olónìí, orúkọ tí a sì ń pè é ni Ghana-Must-Go. A ń pè é ní àpètúnpè, ọmọ kékeré ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń rò ó pé orúkọ ìyà àwọn ènìyàn ni.

Bàbá Anatsui wà ní Nsukka nígbà náà. Iṣẹ́ yunifásítì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì dúró. Láàárín àwọn tí kì í sọ èdè wọn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2011.

Ó wá di nǹkan bí ọdún 1998. Wọ́n rìn gba ẹ̀gbẹ́ igbó kan lọ nítòsí Nsukka, wọ́n rí àpò kan tí ẹnì kan jù sílẹ̀. Ìdérí ìgò ọtí líle ló kún inú rẹ̀, irú èyí tó jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a máa ń yí kí a tó ṣí ìgò. Wọ́n gbé e lọ sílé iṣẹ́ wọn, ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n dá ihò sí igun rẹ̀, wọ́n sì fi wáyà bàbà tín-ín-rín so ó mọ́ra. Wọ́n so ó, so ó, títí ó fi ń tẹ̀ bí aṣọ. Páànù tó ń ká bí aṣọ!

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí àwa tó mọ aṣọ ló yẹ kó yé jù. Ìdérí ìgò kan ṣoṣo lè di oríṣiríṣi nǹkan. Wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó di onígun mẹ́rin. Wọ́n lè ká a kó di tóóró bí òwú. Wọ́n lè lọ́ ọ. Wọ́n lè gé òkè rẹ̀ roboto kúrò, kí wọ́n mú òrùka tó kù lára rẹ̀ so mọ́ òrùka mìíràn, èyíinì á wá rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí nẹ́ẹ̀tì, ènìyàn á máa rí òdìkejì. Kò sí ọ̀dà nínú rẹ̀ rárá. Àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ ọtí fi sí i náà ni: pupa, yẹ́lò, dúdú, fàdákà, pẹ̀lú orúkọ ọtí lára rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Nsukka ló ń so ó, olúkúlùkù ń so tirẹ̀ ní ìwọ̀n kan, gẹ́gẹ́ bí ahunṣọ ṣe ń hun ọ̀já kọ̀ọ̀kan. Bàbá á wá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọn á rìn yí i ká, wọn á ní kí wọ́n gbé ti ibí lọ sọ́hùn-ún, kí wọ́n yí ti ọ̀hún padà. Wọn á yà á ní fọ́tò, wọn á wò ó, wọn á tún tò ó. Ìgbà tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n tó ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdérí. Ẹ̀yin tẹ ti ran aṣọ ẹgbẹ́ rí, ẹ mọ ohun tí sùúrù ń jẹ́.

Wọn kì í ya ojú ènìyàn tàbí ẹranko sí i. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè ló máa sọ ohun tó rí. Òmíràn dà bí ilẹ̀ tó sán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òmíràn bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ tí ọ̀run pọ́n, òmíràn bí odò tó kún tó ń ya bo oko. Àwọn fúnra wọn máa ń fi orúkọ ohun tí Ọlọ́run dá pe díẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní 2007, Earth's Skin ni wọ́n pè é, ìyẹn awọ ilẹ̀. Àwọn méjì wà ní ilé àkójọpọ̀ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ ti nǹkan bí 2001, aṣọ ọkùnrin ni wọ́n pe ọ̀kan, wọ́n pe èkejì ní aṣọ obìnrin. Ilé àkójọpọ̀ Metropolitan ní New York ní tiwọn. Ní 2007, ní ìlú Venice ní Ítálì, wọ́n ta ọ̀kan bo iwájú ilé àtijọ́ kan bí ìgbà tí a ta aṣọ bo pósí ọba. Ní 2015, ìlú Venice yìí kan náà fún wọn ní Kìnnìún Oníwúrà fún gbogbo iṣẹ́ ayé wọn. Láti oṣù Kẹwàá 2023 di oṣù Kẹrin 2024, iṣẹ́ wọn tó tóbi bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ló kún gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù. Behind the Red Moon ni wọ́n pè é, ẹ̀yìn òṣùpá pupa. Owó ńkọ́? A mọ̀ pé ẹ máa bèèrè. Ní 2012 wọ́n ta ọ̀kan ní gbànjo ní Lọ́ńdọ̀nù, owó rẹ̀ lé ní 500,000 pọ́ùn. Ìdérí ìgò tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá lójú ọ̀nà Sábó.

Ohun kan wà tó wù wá jù nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá kì í pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa gbé iṣẹ́ wọn kọ́. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ wọn lè fa ibí sókè, kó jẹ́ kí ọ̀hún wọ́lẹ̀, kó ká a ní ìṣẹ́po. Bó bá ti kúrò ní ìlú kan dé ìkejì, ó ti yàtọ̀. Àwọn kan ń pariwo pé ìmọ̀ jíjinlẹ̀ lèyí. Ọ̀rọ̀ gèlè ni o jàre. Gèlè kan náà ni ìyá àti ọmọ á wé, ẹ ò ní mọ̀ pé ọ̀kan ni. Ó sì tún ní àǹfààní fún ẹni tí ń rìnrìn àjò: iṣẹ́ tó ga ju òrùlé lọ, wọ́n ká a sínú àpótí, ó ti lọ. Ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀ ló máa ń ronú ẹrù tó ṣeé ká.

Wọ́n máa ń sọ ìdí tí ìdérí ọtí fi mú wọn lọ́kàn: ọtí wà lára ohun tí òyìnbó kó wá sí etíkun wa láti fi ṣòwò, òwò ẹrú sì wà nínú òwò náà. Ọjà tó jáde tó wọlé nígbà náà ló so ìlú wa mọ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, sí ire, sí ibi.

Aṣọ tiwa náà, ẹ jẹ́ kí a rántí, àlejò wà nínú rẹ̀. Ẹtù, aró ilẹ̀ wa ni. Sányán, òwú kòkòrò inú igbó wa ni. Àlàárì ńkọ́? Àlàárì tí a fi ń ṣe yàngàn, tí ọmọ Ọ̀yọ́ á wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó tí á ní aṣọ baba òun ni. Sílíìkì pupa inú rẹ̀ látijọ́, Yúróòpù ló ti wá. Èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nínú iṣẹ́ sílíìkì wọn ni, wọ́n kó o dé Tripoli, ràkúnmí rù ú gba aṣálẹ̀ Sàhárà dé Kano, àwọn Haúsá kó o wá sọ́dọ̀ wa. Èéku òwú ẹlòmíràn ni, ọwọ́ ahunṣọ wa ló sọ ọ́ di aṣọ ọlá.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé orí ohun tí a ní a máa dé. Obìnrin kan wà ní ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́, ará Tógò ni, Ewe ni òun náà. A ò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Ó ti ń dá owó lọ́dọ̀ wa láti ọdún mẹ́rin, kò pa oṣù kan jẹ rí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn télọ̀ àti àwọn ahunṣọ, á ra èéku aṣọ òkè àti àǹkárá tí wọ́n fẹ́ sun níná. Á gé e, á tò ó mọ́ra, á fi rán àpò, tìmùtìmù àti ìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ ìwé wá pé òun fẹ́ yá owó ra máṣíìnì méjì, kí òun lè gba ọmọ iṣẹ́. Owó tó bèèrè kò ju ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́ lọ, bí òfin wa ṣe wí. Ìwé náà ti wà nílẹ̀ láti oṣù márùn-ún. Ohun tí àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ń sọ ni pé àlejò ni, bó bá sá lọ lóru, níbo la ti máa wá a?

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, a ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Owó yìí kì í ṣe owó ìjọba, owó ata ni, owó ẹ̀lùbọ́ ni, owó tí ìyá àgbà kan kì í jẹun ọ̀sán nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí a ṣọ́ ọ, ó rí i sọ. Ṣùgbọ́n a sọ fún akápò kó ṣí ìwé, kó ka orúkọ gbogbo àwọn tó yáwó tí wọn ò san láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó kà á. Kò sí àlejò kan níbẹ̀. Ọmọ onílé ni gbogbo wọn, a mọ ilé bàbá wọn, a mọ agboolé ìyá wọn, owó náà ò sì tíì wálé. Kí àwọn tó wà níbí lónìí nínú wọn má bínú, ìrẹsì ọdún ti wà lórí iná, ẹ máa jẹ ẹ́.

Àti pé ẹ jẹ́ kí a padà sí 1969. Ta ló jẹ ta ní gbèsè níbẹ̀? Àlejò kọ́ ló kó owó onílé lọ. Owó àwọn òbí wa ló kù sọ́wọ́ onílé. Àwọn ìyá wa tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ òfo, ẹni tó kọ́kọ́ yá wọn lówó láti tún bẹ̀rẹ̀ ló dá wọn dúró. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà láyé, ẹ lọ bi wọ́n.

Ohun tí a gbé síwájú ilé ni èyí. Kí àlejò tó bá ti dá owó fún ọdún kan gbáko lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó bíi ti gbogbo wa. Kó mú onídùúró méjì wá, kí ọ̀kan jẹ́ olórí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, kí èkejì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè. Àwọn kan dábàá pé kí a ní kó dúró ọdún márùn-ún, kó sì mú onídùúró mẹ́rin wá. Àwa ò fara mọ́ ọn, a sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé. Ẹni tí a bá ní kó dúró fún ọdún márùn-ún, Lomé tàbí Kùtọnu ló máa gbé ọgbọ́n rẹ̀ lọ, àwa á sì máa ra àpò tí wọ́n rán ní Ṣáínà. Bàbá Anatsui náà ti ṣí ilé iṣẹ́ sí Tema ní Gánà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ilé wọn ni, kò sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi orúkọ wọn ṣe ní ayé, Nsukka ni wọ́n ti ṣe é, ọwọ́ àwọn ọmọ Nsukka ló sì jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀ la máa dìbò lórí rẹ̀. Ẹ mú káàdì yín dání. Ẹni tí kò bá tíì san owó oṣù mẹ́ta tó kọjá kò lè nawọ́ sókè, òfin wa nìyẹn, kó tó di pé ẹnì kan ní akọ̀wé le jù. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ bá ọkọ̀ ẹgbẹ́ wá, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ igbákejì alága ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀.

Àwọn àpò tí obìnrin náà rán wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Èyí tó ní ẹtù lójú kan àti àlàárì lójú kejì, méjì péré ló kù, ìyálọ́jà ti mú ọ̀kan.